Ìwọ̀n ọ́ìlì wo ló yẹ Vespa yín? Ìfiwéra 20:1, 25:1, 32:1 àti 50:1 fún ẹni tí bíárìn ń kú mọ́ lọ́wọ́

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ẹni tó bá ṣì ń gun Vespa tàbí Lambretta mọ̀ pé ìbéèrè kan wà tí ènìyàn mẹ́ta kì í dáhùn bákan náà: ọ́ìlì mélòó ni kí a dà sínú epo bẹntiróòlù? Bàbá tó ti ń gun tirẹ̀ láti ìgbà èwe yóò ní kí ẹ má ṣe ahun sí ọ́ìlì, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí kò bá rú èéfín, òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ọ̀dọ́ tó ra tòkunbọ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí yóò ní 50:1 (ìyẹn epo ìdá 50 sí ọ́ìlì ìdá 1) ni wọ́n kọ sára ike ọ́ìlì, òun kò sì ní fi ẹ̀kán kan lé e. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà yóò ní kí ẹ wá bù nínú èyí tí òun ń lò fún Yamaha òun. Ìdí wà nínú ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sọ, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tí oníkálukú ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ síra, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú.

Mo kọ ìfiwéra yìí fún ẹni tí bíárìn kiráńkì rẹ̀ (irin róbótó tó gbé ọ̀pá tí písítìnì ń yí dúró) ti kú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, tó sì fẹ́ mọ ìwọ̀n àdàlú tí yóò yàn kí owó àtúnṣe tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san má baà ṣòfò. Èmi fúnra mi ń tú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìwọ̀n ọ́ìlì wo àìsàn tí kì í ṣe òun ló fà á, nígbà tí àwọn mìíràn ń fi èéfín díwọ̀n ohun tó yẹ kí wọ́n fi bíárìn díwọ̀n. Nítorí náà, kí a tó dé orí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ọ́ìlì náà ń lọ ṣe nínú lọ́hùn-ún.

Ibi tí ọ́ìlì ń gbà dé ara bíárìn

Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ní àwo tí ọ́ìlì ń gbé nísàlẹ̀, ó sì ní pọ́ǹpù tó ń fà á lọ sókè. Ẹ́ńjìnnì tú-sítróòkù, irú èyí tó wà nínú Vespa àti Lambretta wọ̀nyí, kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Epo àti atẹ́gùn tó ń ti inú kabúrétọ̀ bọ̀ ń kọ́kọ́ wọ ilé kiráńkì kí písítìnì tó tì wọ́n gòkè lọ síbi tí wọn yóò ti jóná, bí wọ́n sì ti ń kọjá lọ ni ọ́ìlì tí a dà pọ̀ mọ́ epo ń já sílẹ̀ bí ìrì sára ohun gbogbo tó ń yí. Bẹntiróòlù a fẹ́ lọ, ọ́ìlì a dúró fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà òun pẹ̀lú a gòkè lọ jóná. Kò sí èyí tó ń padà wá ṣe iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà èyí tó bá ń wọlé lọ́wọ́ ni bíárìn ń lò lọ́wọ́.

Àwọn bíárìn tó wà níbẹ̀ kò sì rí bákan náà. Méjì gbé kiráńkì dúró, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ̀kẹta wà ní ìdí kọn-rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kiráńkì), níbi tí ó ti so mọ́ kiráńkì. Abẹ́rẹ́ irin wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, òun ló sì ń jìyà jù, nítorí pé gbogbo agbára tí iná fi ń ti písítìnì sọ̀kalẹ̀, orí rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ẹ̀kẹrin wà lókè, níbi tí kọn-rọ́ọ̀dù ti di písítìnì mú. Nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, búùṣì idẹ lásán ló wà ní ibi ẹ̀kẹrin yìí, irin ń ha ara mọ́ idẹ, ó sì nílò ọ́ìlì tó pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó dé lẹ́yìn, abẹ́rẹ́ irin ni wọ́n fi rọ́pò búùṣì náà, abẹ́rẹ́ tó ń yí kò sì béèrè ju ọ́ìlì díẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró. Ìyàtọ̀ yìí, pẹ̀lú bí ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ti dára sí i láàárín ọdún mélòó kan, ló bí púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tí a ń gbọ́ lónìí.

Ó ku ohun kan tí ó yẹ kí ẹni tó ní Vespa PX mọ̀ dájú. Nínú PX, bíárìn kiráńkì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kíláàṣì kì í mu ọ́ìlì inú epo. Ọ́ìlì jíà ló ń mu, nítorí pé síìlì, ìdènà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá, wà láàárín rẹ̀ àti ilé kiráńkì. Bí bíárìn yẹn bá kú, àdàlú epo yín kò jẹ̀bi. Ọ́ìlì jíà, tí ó jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 250 irú SAE 30, ni kí ẹ lọ wò, bóyá ó ti gbẹ tàbí bóyá ó ti pẹ́ jù tí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó sọ 50:1 di 20:1 nítorí bíárìn yìí, tí òmíràn tún kú mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí pé ọ́ìlì tó fi kún un kò lè dé ibi tí ìṣòro náà wà.

Ohun tí a ó fi wọn wọ́n

Èyí tó wúwo jù ni irú ẹ́ńjìnnì náà: ọdún tí wọ́n ṣe é, àti bóyá búùṣì tàbí abẹ́rẹ́ ló wà lórí kọn-rọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ìyẹn ni bí ẹ ṣe ń gùn ún, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń jáde lójoojúmọ́ àti èyí tó ń sùn ní ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní ọ̀tá kan náà. Irú ọ́ìlì tí ẹ lè rí rà láìsí ayédèrú ni ẹ̀kẹta. Owó àti èéfín wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èmi kì í sì í fi wọ́n ṣáájú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wá ibi tí wọn yóò ti dín ìnáwó kù, ọ́ìlì sì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Kí a lè máa sọ ohun kan náà, ìṣirò rẹ̀ nìyí fún lítà epo 10: 20:1 jẹ́ mílílítà 500, 25:1 jẹ́ 400, 32:1 jẹ́ nǹkan bíi 312, 40:1 jẹ́ 250, 50:1 sì jẹ́ 200. Ẹni tó bá ń ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lè rántí pé ìgò omi kékeré kan tó gba 50cl ló ṣe déédéé 50:1, méjì irú rẹ̀ sì ni 25:1. Fún iye tó kéré, ẹ ra sìríǹjì ńlá ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Ìdérí ìgò kò ṣe é fi wọn nǹkan, nítorí pé ìdérí ìgò kan kò gba iye tí òmíràn gbà.

20:1

Nígbà tí Piaggio gbé Vespa àkọ́kọ́ jáde ní Ítálì ní ọdún 1946, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 98cc, ọ́ìlì ìgbà náà kò ní èròjà tí ọ́ìlì òde òní ní, búùṣì sì pọ̀ nínú ẹ̀rọ. Ìdá 5 nínú 100, èyí tí í ṣe 20:1, ni wọ́n ní kí a fi sí i. Ìwọ̀n yìí náà ni wọ́n fún irú Vespa GS 150 àti GS 160. Bí ẹ bá ní ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹ̀rọ yìí, tí inú rẹ̀ kò sì tíì yí padà kúrò ní bí wọ́n ṣe ṣe é, 20:1 ni tirẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ìgbàlódé yí yín lọ́kàn padà.

Oore rẹ̀ ni pé ọ́ìlì a máa bo gbogbo irin inú ilé kiráńkì dáadáa, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ. Ìnira rẹ̀ sì wà nígbà tí a bá gbé e fún ẹ̀rọ tí kò nílò rẹ̀. Èédú a máa dì sí ojú ihò tí èéfín ń gbà jáde àti inú sàlẹ́ńsà, ríǹgì písítìnì a máa lẹ̀ mọ́ àyè rẹ̀, púlọ́ọ̀gì a sì máa kú lọ́nà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọ́ìlì tó pọ̀ lè mú kí ẹ̀rọ gbóná sí i. Àyè tí ọ́ìlì gbà nínú epo, bẹntiróòlù kò sí níbẹ̀ mọ́, àdàlú tó nípọn sì ń lọ́ra láti gba jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà nínú kabúrétọ̀, kọjá. Nítorí náà epo tó ń jóná kò tó atẹ́gùn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ mọ́, iná rẹ̀ a sì mú. Ẹni tó bá ti 50:1 bọ́ sí 20:1 láìyí jẹ́ẹ̀tì padà lè rò pé òun ń ṣàánú bíárìn, kí ó sì jẹ́ pé orí písítìnì ló ń sun.

Ní ti owó, ẹni tó ń jó lítà 10 lọ́sẹ̀ yóò lo lítà ọ́ìlì 26 lọ́dún ní 20:1, ṣùgbọ́n lítà 10 àti díẹ̀ péré ní 50:1. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta lítà kan lọ́dọ̀ yín ṣe ìṣirò rẹ̀.

25:1

Lambretta ni ìwọ̀n yìí bá mu jù. Ọ̀wọ́ Li ti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n fún ní ìdá 4 nínú 100, búùṣì tó wà lórí kọn-rọ́ọ̀dù wọn sì ni ìdí pàtàkì. Bí wọ́n bá ti fi kọn-rọ́ọ̀dù alábẹ́rẹ́ rọ́pò ti inú Lambretta yín, tí ẹ sì ń ra ọ́ìlì 2T gidi (èyí tí a ṣe fún tú-sítróòkù), ẹ lè dín in kù. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó wà nínú rẹ̀, ẹ dúró sí 25:1 títí di ọjọ́ tí wọn yóò tú u.

Àwọn awakọ̀ ojú omi wa pẹ̀lú mọ 25:1, nítorí pé òun ni Yamaha ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì jẹ́ tuntun, kí wọ́n tó bọ́ sí 50:1. Ó yẹ kí a rántí pé ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ní kí ó wà fún.

32:1 àti 40:1

Ìwé tó bá Vespa wá kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa àwọn méjì yìí, síbẹ̀ mo máa ń yàn wọ́n fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ọ́ìlì 50:1 yẹ gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí lè wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í gùn ún ju ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ọjọ́ Ìsinmi lọ. Ọ̀sà kò jìnnà sí wa, ọ̀rinrin kì í tán nínú afẹ́fẹ́, omi rẹ̀ a sì máa ní iyọ̀ nínú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ̀rọ bá tutù lẹ́yìn tí a ti gùn ún, ọ̀rinrin a wọ ilé kiráńkì, a sì dì sára abẹ́rẹ́ irin wọ̀nyẹn. Ohun tó dúró láàárín irin àti omi ni ọ́ìlì tó ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ní 40:1 tàbí 32:1, èyí tó ṣẹ́ kù pọ̀ díẹ̀, èédú kò sì tíì di wàhálà. Mo tún fẹ́ràn 40:1 fún ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kiráńkì rẹ̀ ṣe, fún táńkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́.

Ìdí kejì ni àṣìṣe ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹni kan fẹ́ da 50:1 sí lítà 10, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dín mílílítà 50 kù. Ohun tó wà nínú táńkì rẹ̀ ti di nǹkan bíi 67:1. Bí ẹlòmíràn tó fẹ́ da 25:1 bá ṣe irú àṣìṣe kan náà, 28:1 àti díẹ̀ ló bọ́ sí, ẹ̀rọ rẹ̀ kò tilẹ̀ ní mọ̀. Ìwọ̀n tó dínkù kì í dárí ji ọwọ́ tí kò dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń bá yín da epo, tàbí lẹ́bàá títì ni ẹ ti ń rà á sínú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ kò mọ bí ó ti kún tó, ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò yín.

50:1

Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni Piaggio ti ń yí ọ̀nà tí epo ń gbà wọ ilé kiráńkì Vespa padà, tí ó fi jẹ́ pé kiráńkì fúnra rẹ̀ ló ń ṣí ihò náà tó sì ń pa á dé bí ó ti ń yí. Àdàlú wá ń bọ́ tààrà sára kiráńkì àti ìdí kọn-rọ́ọ̀dù, ní ibi tí a ti nílò rẹ̀ jù, ìdá 2 nínú 100 sì tó. Sprint, Rally 180 àti PX tó jáde ní 1977 wà nínú ìdílé yìí, Bajaj Chetak oní-tú-sítróòkù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Íńdíà ní 1972 pẹ̀lú sì tọ ipasẹ̀ wọn.

Mo fẹ́ sọ ọ́ kí ó yé wa yékéyéké: ní 50:1, bíárìn ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í kú nítorí àìtó ọ́ìlì, bí ohun mẹ́rin bá pé. Ọ́ìlì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 2T gidi. A gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, kí a sì gbọn kẹ́ẹ̀gì kí ó tó wọ táńkì. Síìlì kiráńkì kò gbọdọ̀ jò, jẹ́ẹ̀tì kò sì gbọdọ̀ kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ẹnì kan bá wí fún mi pé 50:1 ló pa ẹ́ńjìnnì òun, mo máa ń béèrè nípa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ṣọ̀wọ́n kí a má rí ọ̀kan tó yẹsẹ̀.

Ẹni tó ń gùn ún lójoojúmọ́, tó ń ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Kétu tàbí Pókà, tó ń padà, ni 50:1 yẹ jù. Ẹ̀rọ rẹ̀ kì í tutù pẹ́ kí ọ̀rinrin tó wọlé, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ a máa mọ́, kò sì ní máa tú sàlẹ́ńsà ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ sá eré àsápajúdé, tó gbé ènìyàn sẹ́yìn, lè bọ́ sí 40:1, nítorí pé ìdí kọn-rọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ìrìnàjò bẹ́ẹ̀.

Àṣà kan wà tí ìwọ̀n kankan kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú wa ní òkè tó ń da gẹ̀rẹ́ lọ sí Marina. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, tí jíà wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ sì dá tírótù (ọwọ́ tí a fi ń fún ẹ̀rọ ní iná) padà pátápátá, kiráńkì ń yí kíkan ṣùgbọ́n epo díẹ̀ péré ló ń wọlé, bí epo bá sì dín kù, ọ́ìlì dín kù. Ẹ fa kíláàṣì mọ́ra kí ẹ sì fi bíréèkì sọ̀kalẹ̀, tàbí kí ẹ máa fún un ní iná díẹ̀díẹ̀.

Ní ti 100:1 tí àwọn kan ń sọ, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ OMC tó ń ṣe Evinrude àti Johnson dán an wò lórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì padà sí 50:1. Kò sí Vespa tí a ṣe é fún.

Irú ọ́ìlì, tí mo kà sí pàtàkì ju ìwọ̀n lọ

Bí ẹ bá ní kí n yàn láàárín ọ́ìlì tó dára ní 50:1 àti ọ́ìlì tí kò yẹ ní 20:1, èyí àkọ́kọ́ ni n ó mú láìrònú lẹ́ẹ̀mejì, bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́.

Ọ́ìlì 2T tí a ṣe fún alùpùpù a máa ní àmì JASO (ìwọ̀n ìdára ọ́ìlì ti Japan) lára ike rẹ̀, FB, FC tàbí FD. FB ló wà nísàlẹ̀ nínú mẹ́ta yìí. FC a máa rú èéfín díẹ̀, FD a sì tún mú kí inú ẹ́ńjìnnì mọ́ ju FC lọ. Nítorí pé atẹ́gùn ló ń tu Vespa lára, tí ooru rẹ̀ sì pọ̀, FC tàbí FD ni kí ẹ máa wá.

Ọ́ìlì àwọn awakọ̀ ojú omi a máa ní àmì TC-W3. Ó dára gan-an fún iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì rọrùn láti rí ní Ẹ̀pẹ́ nítorí pé iṣẹ́ ẹja àti ọkọ̀ ojú omi kò jìnnà sí ọjà Olúwo. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí omi ń tù lára ni wọ́n ṣe é fún, èyí tí ooru rẹ̀ kò tó ti Vespa. Nínú Vespa tó gbóná, kò lágbára tó láti máa fọ àyè ríǹgì, ríǹgì náà a sì lẹ̀ nígbà tó bá yá. Bí kò bá sí ohun mìíràn nílẹ̀ ní ọjọ́ kan, ẹ lò ó kí ẹ fi délé. Bíárìn kò ní kú nítorí rẹ̀. Kò yẹ kí ó di ohun tí ẹ ń rà lóṣooṣù.

Ọ́ìlì mọ́tò, 20W-50 tàbí SAE 40 tí wọ́n ń tà ní ilé epo gbogbo, ni èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí pé àwọn ènìyàn ń fi ọkàn rere dà á. Wọ́n rí i pé ó nípọn, wọ́n sì rò pé yóò dáàbò bo irin. A kò ṣe é kí ó jóná. Èròjà irin tó wà nínú rẹ̀ a máa di eérú lórí písítìnì àti ẹnu púlọ́ọ̀gì, eérú tó pupa bí ẹyin iná a sì máa tan epo kí àkókò rẹ̀ tó tó, ìyẹn sì dà bí ìgbà tí a ń fi òòlù lu ìdí kọn-rọ́ọ̀dù. Kì í sì í tètè po pọ̀ mọ́ epo. Nínú kẹ́ẹ̀gì tí a kò gbọ̀n, ìsàlẹ̀ ló ń lọ gbé. Àwọn àgbà tó lo SAE 30 láyé ọjọ́un kò purọ́, òun ni wọ́n ní nígbà náà, 20:1 ni wọ́n sì fi ń lò ó.

Ẹ ka bíárìn tó kú kí ẹ tó yí ìwọ̀n padà

Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì ju bíárìn àtijọ́ nù kí ẹ tó fi ojú yín rí i. Bí abẹ́rẹ́ tàbí ojú ọ̀nà tó ń gbà yí bá ti di aláwọ̀ aró tàbí tó dúdú, ooru ló pa á, ọ́ìlì kò tó tàbí kò yẹ. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá púlọ́ọ̀gì funfun, tí ẹ́ńjìnnì sì ń dédé sáré láìfún un ní iná, nítorí pé síìlì ẹ̀gbẹ́ fíláwíìlì tó ń jò a máa fa atẹ́gùn wọlé, a sì fa irú ooru kan náà. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ tó ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa, omi ló pa á, ó ti dógùn-ún. Bí ojú rẹ̀ bá ti ha, tí kò dán mọ́, iyanrìn ló wọlé, ẹni tó bá sì yọ fíltà kabúrétọ̀ sọnù ni kí ẹ bá wí. Bí ó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ló ti ń ṣí bí èèpo, ọ̀nà tí wọ́n gbà fi í sí ibẹ̀ ni kò dára, tàbí kiráńkì ti wọ́, tàbí bíárìn fúnra rẹ̀ jẹ́ ayédèrú. Òòlù kọ́ ni a fi ń ti bíárìn sínú ilé rẹ̀. À á mú kí ilé náà gbóná, a ó sì fi bíárìn sínú fìríìsà kí ó lè wọlé wẹ́rẹ́.

Nínú àwọn ikú wọ̀nyí, ìwọ̀n ọ́ìlì lè wo ti ooru sàn bí ó bá jẹ́ pé ọ́ìlì ni kò tó, ó sì lè dín ti omi kù. Kò lè ṣe ohun kan sí ìyókù.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ olùkọ́ gbé Vespa rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Láti ọdún tó ti rà á ni ó ti ń da ọ́ìlì 20:1 sí i, ẹ̀rọ rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí 50:1 yẹ. Ìdí kọn-rọ́ọ̀dù ń ró kọ̀ǹ, kọ̀ǹ. Ó ní, "Ọmọ mi, n kò ṣahun ọ́ìlì sí i rí, o lè bi ìyàwó mi." Mo ní, "Bàbá, mo gbà yín gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wá wo abẹ́rẹ́ yìí." Pupa ni gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn kò gùn ún fún òjò méjì, abẹ́ igi ló sì dúró sí. Ọ́ìlì tí wọ́n fi ọkàn rere dà ti ṣàn kúrò lára irin tipẹ́. A fi kọn-rọ́ọ̀dù tuntun sí i, mo ní kí wọ́n bọ́ sí 40:1, mo sì bẹ ọmọ ọmọ wọn pé kí ó máa gbé e jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó rìn títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná délẹ̀, kí ó tó gbé e wọ abẹ́ òrùlé.

Fífi ọwọ́ pò ó tàbí pọ́ǹpù

Àwọn PX kan ní táńkì ọ́ìlì lọ́tọ̀ àti pọ́ǹpù tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní iye tó bá iná tí ẹ fún un mu. Yamaha ti ń lo irú ètò yìí fún alùpùpù láti 1964, ó sì dára, nítorí pé kò sí àṣìṣe ọwọ́ níbẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá kú lójú ọ̀nà, ẹ kò ní gbọ́ ìkìlọ̀ kankan títí písítìnì yóò fi gán. Ẹni tó ra tirẹ̀ ní tuntun, tó mọ ìtàn rẹ̀, kí ó pa pọ́ǹpù mọ́, kí ó sì máa wo gíláàsì kékeré tó ń fi ọ́ìlì hàn. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ tí kò mọ ibi tó ti sùn, kí ó máa fi ọwọ́ pò ó títí wọn yóò fi yẹ pọ́ǹpù náà wò. Ẹ rántí pé bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́ tí ẹ tún da àdàlú sí táńkì epo, ìlọ́po méjì ni ẹ ń fún un.

Ta ni kí ó mú èwo

Àwọn àgbà Vespa tí wọ́n fún ní ìdá 5 nínú 100, àti àwọn GS: 20:1 pẹ̀lú ọ́ìlì 2T, láìjiyàn. Lambretta ọdún 1960: 25:1. Sprint, Rally, PX àti Chetak tó ń jáde lójoojúmọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi sìríǹjì wọ̀n: 50:1, FC tàbí FD. Ẹ̀rọ kan náà lọ́wọ́ ẹni tí kì í gùn ún déédéé, tó ń gbé nítòsí ọ̀sà, tàbí tó ń rán ọmọ lọ ra epo: 40:1, kí ó sì lè dé 32:1 bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ máa ń sùn ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹni tí kò lè rí ju ọ́ìlì mọ́tò lọ, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ọkọ̀ sílé ní ọjọ́ náà.

Bí ẹ bá ń yí láti ìwọ̀n kan sí òmíràn, ẹ kọ́kọ́ lo epo tó wà nínú táńkì tán. Ẹni tó ń dín ọ́ìlì kù yóò rí i pé epo pọ̀ díẹ̀ sí i nínú àdàlú rẹ̀, kí ó fọ èédú inú sàlẹ́ńsà kúrò. Ẹni tó ń fi kún un ni kí ó ra jẹ́ẹ̀tì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gùn ún dé Ìtóìkín ní ìwọ̀n eré tí ẹ máa ń sá, ẹ pa á lójijì láìjẹ́ kí ó máa jó lásán, ẹ sì tú púlọ́ọ̀gì wò. Bí ó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dúdú tó sì tutù, epo tàbí ọ́ìlì ti pọ̀ jù. Bí ó bá funfun, ẹ má ṣe sáré padà. Ẹ rọra gùn ún bọ̀ wálé, kí ẹ wá ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé kí ẹ tó tún gbé e jáde.